Wíwọn Ohun tí Àjò Fi Sílẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ipa Ètò Pàṣípààrọ̀ Ọ̀dọ́ Láàrin Orílẹ̀-èdè

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà díwọ̀n ipa tí ètò pàṣípààrọ̀ láàrin orílẹ̀-èdè ń ní lórí àwọn ọ̀dọ́. Èrò wa ni pé púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní ipa nínú ìròyìn irú ètò bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìtàn ayọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àjò dé. A fi ètò Jámánì àti Faransé ṣe òpó iṣẹ́ yìí, nítorí pé ètò wọn ti pẹ́, ìwádìí àwọn onímọ̀ Jámánì lórí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ sì jinlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a wá wo ètò àgùnbánirọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà àti ètò àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ èdè Yorùbá tó ń lọ sí Amẹ́ríkà. Ìbéèrè mẹ́ta ni a mú lò: ta ni a fi olùkópa wé, ìgbà wo ni a bi í léèrè, ẹnu ta ni a sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀?

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá gbà pé ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni yóò máa sọ pé kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Ìgbàgbọ́ yìí gan-an ni ó wà nídìí gbogbo ètò tí ó ń mú àwọn ọ̀dọ́ láti orílẹ̀-èdè kan lọ gbé ní òmíràn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, fún oṣù mélòó kan tàbí fún odidi ọdún. Bí ọ̀dọ́ bá jẹun nínú ilé àwọn àjèjì, tí ó gbọ́ èdè wọn, tí ó sì rí i pé ènìyàn bí òun ni wọ́n, ojú rẹ̀ yóò là, ẹ̀tanú ọkàn rẹ̀ yóò sì dínkù. A kò bá òwe náà jà. Ṣùgbọ́n òwe kì í sọ iye owó tí wọ́n ná láti gbé ọmọ dé oko ọ̀hún, kò sì sọ bóyá ọmọ tí wọ́n mú lọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé oko bàbá òun kò tóbi.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Owó ìjọba ni ó gbé púpọ̀ nínú àwọn ètò wọ̀nyí dúró, bí ọwọ́ ìjọba bá sì há, wọ́n máa ń wà lára ohun tí a ń tètè gé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá owó tí ó ń lọ sí àwọn ètò pàṣípààrọ̀ rẹ̀ dúró fún ìgbà kan, àwọn tó wà lẹ́nu ètò nígbà náà kò sì mọ ohun tí ọ̀la yóò bí. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà irú ètò bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn tó di owó mú gbọ́dọ̀ ní ohun tó ju àwòrán àwọn ọ̀dọ́ tó ń rẹ́rìn-ín lọ lọ́wọ́. Bí ètò kan kò bá sì ṣe àǹfààní, ó yẹ kí á lè mọ̀, kí owó rẹ̀ lè lọ síbi tí yóò ti wúlò. Àwa tí a ti jókòó gbọ́ ìròyìn àwọn tó ti àjò dé mọ̀ pé gbólóhùn kan kì í wọ́n lẹ́nu wọn: "Ó yí ayé mi padà." A kò pe ẹnikẹ́ni ní onírọ́. Bí a ṣe lè mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí ni à ń wá.

Iye Orí Yàtọ̀ sí Ipa

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ọdún 1963, Konrad Adenauer, olórí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn Jámánì, àti Charles de Gaulle, ààrẹ ilẹ̀ Faransé, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní ààfin Élysée ní ìlú Paris. Orílẹ̀-èdè méjèèjì ti bá ara wọn jagun lẹ́ẹ̀mẹta láàrin ọdún 1870 sí 1945. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1963 kan náà, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ wọn, èyí tí àwọn Faransé gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí OFAJ, tí àwọn ará Jámánì sì ń pè ní DFJW. Láti ìgbà náà wá, àwọn tó ti kópa nínú ètò àjọ yìí ju mílíọ̀nù 9 lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀, àwọn eléré ìdárayá náà kò gbẹ́yìn.

Iye yìí pọ̀, ó sì dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n iye orí ni. Lónìí, kò sí ẹni tó ń retí ogun láàrin Jámánì àti Faransé. Ǹjẹ́ a lè tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ pé àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ni ó mú àlàáfíà wá? Láàrin àsìkò kan náà, òwò ti so orílẹ̀-èdè méjèèjì pọ̀. Wọ́n wà lára àwọn mẹ́fà tó fọwọ́ sí àdéhùn ọrọ̀-ajé Yúróòpù ní ìlú Róòmù ní 1957. Ìbẹ̀rù Soviet Union sì mú kí wọ́n wà ní apá kan náà. Bí òjò bá rọ̀, tí àgbẹ̀ sì tún bu ajílẹ̀ sóko, tí iṣu wá ta, ta ni yóò wú iṣu náà tán kí ó tó sọ pé ìdajì báyìí jẹ́ ti òjò, ìdajì báyìí jẹ́ ti ajílẹ̀?

Gordon Allport, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ ní 1954 nínú ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀tanú pé ìpàdé lásán kì í pa ìkórìíra. Ó fẹ́ kí àwọn tó pàdé wà ní ipò dọ́gbadọ́gba, kí wọ́n ní ohun kan náà tí wọ́n ń lépa, kí wọ́n jọ fọwọ́sowọ́pọ̀ lé e, kí àwọn aláṣẹ sì wà lẹ́yìn wọn. Ó yẹ kí olùṣàgbéyẹ̀wò kọ́kọ́ wo bóyá nǹkan mẹ́rin yìí wà nínú ètò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí. Ogójì ọ̀dọ́ tí wọ́n kó sínú bọ́ọ̀sì kan náà, tí àwọn tó ń sọ èdè kan jókòó síwájú, tí àwọn tó ń sọ èkejì jókòó sẹ́yìn, ìrìn ni wọ́n jọ rìn. Wọn kò tíì pààrọ̀ ohunkóhun.

Ta Ni A Fi Wọ́n Wé?

Ìbéèrè yìí ló le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gba fọ́ọ̀mù irú ètò báyìí kì í ṣe ẹni tí a ṣàdédé ṣà láàrin èrò. Wọ́n ti ní ìgboyà, àwọn òbí wọn sábà máa ń lè gbọ́ bùkátà, ilé-ìwé wọn sì ní olùkọ́ tó mọ ibi tí fọ́ọ̀mù wà. Bí a bá wá rí i lẹ́yìn ọdún kan pé ara wọn yá mọ́ àlejò ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti wà kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfurufú.

Julia Zimmermann àti Franz Neyer ní Yunifásítì Jena ní ilẹ̀ Jámánì gbìyànjú láti tú kókó yìí. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, wọ́n tẹ̀lé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó lé ní 1,000. Àwọn kan nínú wọn lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní òkè òkun, àwọn yòókù dúró sílé. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá ẹgbẹ́ méjèèjì lẹ́nu wò kí ìrìn-àjò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún padà tọ̀ wọ́n lọ. Àbájáde wọn ní apá méjì. Apá kìíní ni pé àwọn tó fẹ́ rìnrìn-àjò ti yàtọ̀ kí wọ́n tó lọ: wọ́n jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ túbọ̀ yá mọ́ ènìyàn. Apá kejì ni pé àjò náà ṣe nǹkan sí wọn lóòótọ́: ọkàn wọn túbọ̀ ṣí sí ohun tuntun, àìbalẹ̀ ọkàn wọn sì dínkù, bí a bá fi wọ́n wé àwọn tí kò lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ tuntun tí wọ́n ní láti ilẹ̀ òkèèrè ni ó ṣàlàyé púpọ̀ nínú ìyípadà yìí. Bí kò bá sí ẹgbẹ́ àfiwé ni, apá kìíní ìbá ti wọ inú apá kejì, a ó sì ka gbogbo rẹ̀ sí ipa.

Àjọ AFS, tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ awakọ̀ tó ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, tí ó sì di ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdìrì lẹ́yìn Ogun Kejì, gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ọ̀rẹ́ olùkópa tí wọn kò lọ sí àjò ni wọ́n fi wé olùkópa. Ọgbọ́n ni, nítorí pé ọ̀rẹ́ ẹni sábà máa ń jọ ẹni. Síbẹ̀, ọ̀rẹ́ tó yàn láti dúró ṣì yàtọ̀ sí èyí tó yàn láti lọ.

Ibi tí a ti lè rí àfiwé tó fìdí múlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nílé wa níbí. Ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon dá ètò NYSC sílẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1973, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí. Kì í ṣe ètò láàrin orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń lépa bá ti OFAJ mu: kí àwọn ọmọ àwọn tó bá ara wọn jà lọ gbé láàrin ara wọn. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé àgùnbánirọ̀ kọ́ ni ó ń pín ara rẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ìjọba ni ó ń pín in. (Ìlànà ni à ń sọ o. Gbogbo wa ni a mọ ẹni tó wá ọ̀nà padà sí Èkó.) Oyebola Okunogbe, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní Báńkì Àgbáyé, lo àǹfààní ìpínkiri yìí nínú iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ gbé jáde ní 2018. Ó wo àwọn tó ti sìnrú ìlú ní nǹkan bí ọdún méje sẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n pín sí agbègbè ẹ̀yà mìíràn ní ojúrere sí Nàìjíríà ju àwọn tó sìn láàrin ẹ̀yà tiwọn lọ, wọ́n sì ṣe tán láti máa gbé ní ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ẹ̀yà tiwọn kò tìtorí bẹ́ẹ̀ dínkù. Ó tún lágbára sí i ni. Aṣèwádìí tó bá ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ìfẹ́ ọmọnìkejì gbọ́dọ̀ jẹ nínú ìfẹ́ ilé ẹni kò ní béèrè ìbéèrè tí yóò fi irú àbájáde yìí hàn.

Ìgbà Wo Ni Kí Á Béèrè?

Ní 1955, Sverre Lysgaard gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí nǹkan bí 200 ọmọ ilẹ̀ Norway tó ti jẹ àǹfààní ètò Fulbright ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí kò lò tó oṣù mẹ́fà níbẹ̀ sọ pé ara tu àwọn. Àwọn tó lo oṣù mẹ́fà sí méjìdínlógún kò rí i bẹ́ẹ̀; àárò àti ìdánìkanwà pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara tún tù wọ́n. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e kò fìgbà gbogbo rí ìsọ̀kalẹ̀ àti ìgòkè yìí, nítorí pé ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Lysgaard fi wé ara wọn, kò tẹ̀lé ẹnì kan náà láti oṣù dé oṣù. Síbẹ̀, ó ti tó láti mú kí á fura sí ìwé ìbéèrè tí a pín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọjọ́ ìdágbére ni ọ̀pọ̀ ètò ń pín tiwọn, nígbà tí omijé ṣì wà lójú, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya àwòrán tán. Juliana Schroeder àti Jane Risen kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí nínú àgọ́ Seeds of Peace ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ Ísírẹ́lì àti Palẹsítínì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti 1993. Wọ́n béèrè kí àgọ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n béèrè nígbà tí ó parí, wọ́n sì tún béèrè ní nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ náà ti padà sílé. Ojúrere pọ̀ sí i ní ìparí àgọ́, ó sì dínkù nígbà tí wọ́n délé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lọ tán. Àwọn tó ti yan ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ kan, ẹyọ kan péré, láti apá kejì ni tiwọn kò tètè ṣá.

Iṣẹ́ kan wà tí ó yẹ kí á dúró tì díẹ̀. Alexander Thomas, Celine Chang àti Heike Abt ní Yunifásítì Regensburg tọ àwọn tó ti kópa nínú ètò ọ̀dọ́ láàrin orílẹ̀-èdè ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lọ. Ètò ọlọ́sẹ̀ mélòó kan ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, wọ́n pín ìwé ìbéèrè, wọ́n sì rí i pé ìtàn àwọn ènìyàn náà pín sí ẹ̀yà mẹ́rin. Fún àwọn kan, àjò náà jẹ́ ìrántí dídùn lásán. Bí wọn kò bá lọ, ìgbésí ayé wọn kì bá tí yàtọ̀. Fún nǹkan bí ìdajì wọn, ó dà bí òkúta kéékèèké kan lára iṣẹ́ ọnà tí a fi òkúta aláràbarà tò: ó wà níbẹ̀, ó bá àwọn ìrírí mìíràn mu, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni àwòrán náà. Fún nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan tó ń ti nǹkan: ẹni tó lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè, èdè náà mú un padà lọ, ìpadàlọ náà sì wá sọ iṣẹ́ tí yóò ṣe. Àwọn tí àjò náà jẹ́ ìkóríta fún, tí wọ́n yà kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n ti ń tọ̀ bọ̀, kò tó ẹyọ kan nínú mẹ́wàá.

Bí a bá fi àbájáde yìí sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn "ó yí ayé mi padà" tí a mẹ́nu bà lókè, a ó rí i pé gbólóhùn náà pọ̀ lẹ́nu ju bí ó ti pọ̀ nínú ayé àwọn ènìyàn lọ. Ẹ̀yà tó sì yẹ kí ó dun olùṣètò jù ni ẹ̀kẹta, nítorí pé kò sí bí a ṣe lè rí i ní ọdún àkọ́kọ́. Ètò tí wọ́n pa lẹ́yìn ọdún kan nítorí pé kò tíì so èso, ó ṣeé ṣe kí ó ti gbin ohun tí ẹlòmíràn yóò kórè. A gbọ́dọ̀ fi kún un pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn olùkópa fúnra wọn ni iṣẹ́ Regensburg gbára lé. Ènìyàn a sì máa to ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ kí ó lè dọ́gba, pàápàá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ẹnu Ta Ni A Ti Gbọ́ Ọ̀rọ̀?

Pàṣípààrọ̀ túmọ̀ sí pé mo fún ọ, ìwọ náà fún mi. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, ẹni tó rìnrìn-àjò nìkan ni a ń bi. Ìyá tó yí oúnjẹ ilé rẹ̀ padà fún oṣù mẹ́wàá nítorí àlejò, ọmọ onílé tó fi ibùsùn rẹ̀ sílẹ̀, olùkọ́ tó fi àkókò iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ àlejò ní èdè, ó ṣọ̀wọ́n kí ìwé ìbéèrè tó dé ọwọ́ irú wọn. Ní 1968, Ivan Illich dúró níwájú àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tó fẹ́ lọ ran àwọn ará abúlé lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, ó sì sọ fún wọn láìfi epo bọ̀yọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ wọn ń pa àwọn onílé lára ju bí wọ́n ti rò lọ, pé wọ́n lè wá wòran, wọ́n lè wá kẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe wá gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ korò, ó sì le jù lójú tiwa. Síbẹ̀, kò sí òṣùwọ̀n tí a lè fi já a nírọ́ bí a kò bá bi àwọn onílé.

Ètò weltwärts ti ilẹ̀ Jámánì fi ìṣòro kan náà hàn láti ẹ̀gbẹ́ mìíràn. Láti 2008 ni ó ti ń rán àwọn ọ̀dọ́ ọdún 18 sí 28 lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà. Ọdún 2013 ni ọ̀nà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fún àwọn ọ̀dọ́ láti àwọn ilẹ̀ wọ̀nyẹn láti wá sí Jámánì, iye wọn kò sì súnmọ́ ti àwọn tó ń jáde. Nígbà tí ilé iṣẹ́ DEval, tó ń ṣe àgbéyẹ̀wò ìrànwọ́ ilẹ̀ Jámánì, yẹ ètò náà wò, ó rí i pé àwọn tó kàwé dé ipele tí wọ́n fi lè wọ yunifásítì ni ó kún inú rẹ̀. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ọwọ́ kò tó nǹkan.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́ wa, ìdènà mìíràn wà. Ọ̀dọ́ lè yege nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí orúkọ rẹ̀ jáde, kí wọ́n má sì fún un ní físà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábà sí nínú àbọ̀ ìwádìí. Bí a bá rò ó dáadáa, òun gan-an ni ẹgbẹ́ àfiwé tó súnmọ́ pípé jù tí irú ètò bẹ́ẹ̀ lè ní: ó fẹ́ lọ, ó tó ó lọ, wọ́n sì yàn án. Òótọ́ ni pé òṣìṣẹ́ físà náà ní ohun tó fi ń yan, kì í ṣe kèké ni ó ń ṣẹ́. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàrin ẹni yìí àti ẹni tó lọ kéré sí èyí tó wà láàrin ẹni tó gba fọ́ọ̀mù àti ẹni tí kò tilẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀.

Àwọn Ọ̀dọ́ Olùkọ́ Èdè Wa

Ètò tó kan ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n ni ti Fulbright tí wọ́n ń pè ní FLTA. Ó ti mú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olùkọ́ láti Nàìjíríà lọ kọ́ni ní Yorùbá àti Haúsá ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà fún ọdún ẹ̀kọ́ kan. Àwọn náà ń jókòó sí kíláàsì níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, ìlànà físà wọn sì sọ pé kí wọ́n padà wá lo ọdún méjì nílé. Iṣẹ́ méjì ni ètò náà rán wọn: kí ọmọ Amẹ́ríkà gbọ́ Yorùbá, kí olùkọ́ náà sì túbọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ rọrùn láti kà. Orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú ìwé. Ti èkejì ni kò sí ẹni tó lè sọ láti Amẹ́ríkà, nítorí pé inú kíláàsì kan ní Ìkàrẹ́ tàbí Ṣakí ni yóò ti hàn, bí olùkọ́ náà bá ṣì wà ní kíláàsì.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì. Olùkọ́ tó padà dé, tó lo ọdún méjì rẹ̀, tó sì lọ gba oyè ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní òkè òkun, ìtàn rẹ̀ bá ẹ̀yà kẹta tí àwọn ará Regensburg rí mu, àṣeyọrí sì ni lójú tirẹ̀. Lójú ọ̀gá ilé-ìwé tó rán an lọ, àga tó ṣófo ni. Ìwádìí tó bá bi ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí ní ìbéèrè láìbi èkejì yóò rí ìdajì.

Ohun tí a dábàá kò wọ́n. Kí á gba ohùn àti àwòrán olùkọ́ náà sílẹ̀ bí ó ti ń kọ́ni kí ó tó lọ, kí á tún gbà á lẹ́yìn ọdún kan tí ó bá ti dé, àti lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Kí á fọ̀rọ̀ wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àti ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu wò. Kí á sì ṣe gbogbo rẹ̀ bákan náà fún àwọn tí wọ́n bá a dé ìpele ìkẹyìn ṣùgbọ́n tí wọn kò mú. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan àti owó ọkọ̀ ni ó ń gbà. Ibi tó ṣòro ni orúkọ àwọn tí wọn kò mú. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń yan àwọn tó ń lọ ni ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì gba àṣẹ lẹ́nu àwọn tó ni ín. Nígbà tí ọdún mẹ́ta bá fi máa kọjá, wọn yóò ti fọ́n ká, kò sì ní sí ibi tí a ti lè rí wọn.